Ara Ìyá Kò Yá, Máa Bọ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo gbà pé ẹ̀fọ́rí ni àrùn tí ó ń pa gbogbo ènìyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá wá láti Ìbàdàn sí oko wa, tí ó jókòó, tí ó mu omi, tí ó sì sọ pé orí ń fọ́ lágbájá díẹ̀, bàbá mi á ti bú sẹ́kún kí ọ̀rọ̀ náà tó tán lẹ́nu rẹ̀. Àbúrò bàbá mi kú, ẹ̀fọ́rí ni. Ìyá àgbà tí ó bí ìyá mi kú, wọ́n ní ara wọn kò yá díẹ̀, kí a máa bọ̀. Ní ọjọ́ tí orí kọ́kọ́ fọ́ èmi fúnra mi, mo lọ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn àká, mo ń dúró de ikú, títí ìyá mi fi fi ẹsẹ̀ tì mí pé kí n dìde lọ ṣẹ́gi.

Bí a ti ń ṣe é ní ọ̀dọ̀ wa nìyẹn. A kì í já ikú lu ènìyàn. Ẹni tí ó wà lọ́nà jíjìn, tí òkú rẹ̀ wà nílẹ̀ nílé, a ó ní kí ó máa bọ̀, pé ara ẹni náà kò yá, kí ó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn délé, kí ó má ṣubú sójú ọ̀nà. Òun náà á mọ̀. Ẹni tí ó jẹ́ iṣẹ́ fún un á mọ̀ pé ó mọ̀. Gbogbo wọn á sì jọ máa díbọ́n títí yóò fi wọ agbolé. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti mọ̀wé, mo ti jókòó ti àwọn tí wọ́n dé ìlú òyìnbó, n kò sì tíì gbọ́ pé wọ́n ní irú àánú bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Ṣùgbọ́n àánú yẹn náà ni ó ṣe ìyá mi ní ohun tí n kò tíì lè gbàgbé títí di òní, bí mo bá sì rántí rẹ̀, inú á tún bí mi.

Oko wa wà láàrin Ẹgbẹ́dá àti ọ̀nà Ìwó. Àwa méjì péré ni ìyá mi bí tí ó yè, ẹ̀gbọ́n mi àti èmi, obìnrin ni àwa méjèèjì. Ó fi ọdún púpọ̀ jù mí lọ, ó sì yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n" bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ̀. Ó ní bí mo bá ti ń fi "ẹ" kí òun, ṣe ni ó ń ṣe òun bíi pé eyín òun ti ń ká. Ìyá mi kọ́ ọ ní híhun kíjìpá, aṣọ nínípọn tí àwọn obìnrin ń hun nínú ilé, èyí tí ó sábà máa ń pẹ́ láyé ju ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lọ. Èmi kò rí i kọ́. Okùn kì í dúró sójú kan fún mi, ìyá mi sì ní ọwọ́ mi dà bí ọwọ́ ẹni tí ń lé eṣinṣin.

Ọkùnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí ó ń ra òwú kiri ni ó fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ní ọjọ́ tí ó ń lọ ilé ọkọ, ìyá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ran òwú. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ níwájú wọn, ó ní, "Ìyá, mò ń lọ o."

Ìyá mi kò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ó dáa. Má gbàgbé, máa mumi lọ́nà."

Kò sí ohun mìíràn tí wọ́n sọ. Wọn kò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà pàápàá. Èmi ni mo sìn ín dé ìṣẹ́kọ́nà, mo padà dé, mo rí i pé òwú tí wọ́n ń ràn ti lọ́ mọ́ra, wọ́n sì ń tú u, wọ́n tún ń dì í. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ fún mi pé bí àwọn bá wo ojú rẹ̀ ní ọjọ́ náà ni, àwọn ì bá sunkún, wọn kò sì fẹ́ kí ìyàwó fi omijé ìyá rẹ̀ wọlé ọkọ. Wọ́n rò pé tí ó bá fi máa di ìgbà ìkórè, yóò ti wá kí wa, wọn yóò sì wò ó títí ojú yóò fi ro wọ́n.

Ìgbà ìkórè kò tíì dé tí ogun fi bẹ́ láàrin Ìbàdàn àti Ìjàyè. Ọ̀nà di ti ẹni tí ó ní ìbọn. Àwọn alájàpá, àwọn obìnrin tí wọ́n ń ru ọjà láti ìlú dé ìlú, kò dá rìn mọ́. Wọ́n á dúró títí wọn yóò fi pọ̀, tí àwọn ọlọ́dẹ yóò ṣíwájú, tí àwọn mìíràn yóò tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, kí wọ́n tó gba Ìwó lọ sókè. Láti ẹnu wọn ni a ti ń gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi wà. Ó kí wa. Ó ti bí ọmọkùnrin. Ó kí wa. Ọmọ ti ń rìn. Ìyá mi náà á kí i padà, wọ́n á tún di òwú tí wọ́n ti ràn sínú ewé fún àwọn ọlọ́jà náà pé kí wọ́n bá àwọn gbé e fún un. Báyìí ni ọdún ń lọ.

Ní ìgbà náà, èmi àti ìyá mi máa ń ru iṣu lọ sí ilé òyìnbó kan ní Ìbàdàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò ní ìyàwó, ó wá bá àwọn oníwàásù ṣiṣẹ́. Ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tijú, ìyá mi sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó máa ń bèèrè àlàáfíà gbogbo ilé, ó tún máa ń dúró gbọ́ èsì. Ní ọjọ́ kan, ó fi okùn so òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ mọ́ igi ọsàn tí ó wà láàrin àgbàlá, ó ní kí a wò ó. Ó ní ní ìlú àwọn, okùn irin wà lórí òpó láti ìlú dé ìlú. Bí ẹnì kan bá fi ọwọ́ lu ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ níhìn-ín, ẹni tí ó wà ní ìlú kejì yóò gbọ́ ọ kí oúnjẹ tó tutù.

Ìyá mi wo okùn náà láti òpó dé igi. Wọ́n ní, "Ó dé Ògbómọ̀ṣọ́?"

Òyìnbó rẹ́rìn-ín. Ó ní kò dé Èkó pàápàá. Ó wá ṣàlàyé fún wa bí ìròyìn ilé tirẹ̀ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láti ìlú rẹ̀ dé etí òkun, kò ju ọjọ́ kan lọ. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ eléèéfín yóò gbé e wá sí Èkó, oṣù yóò lé kí ó tó dé. Láti Èkó, ó di ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, ó di orí ènìyàn, bí ogun bá sì ti ọ̀nà pa, àpótí ìwé rẹ̀ á sùn sí Ìjẹ̀bú títí àwọn àgbà ibẹ̀ yóò fi ní kí ó kọjá.

Ìyá mi ní, "Bí ẹnì kan bá gé okùn irin yín ńkọ́?"

Ó ní, "A ó so ó."

Wọ́n ní, "Tiwa tí ogun gé yìí, ta ni yóò so ó?"

Ó bu iyọ̀ fún wa, a sì gbọ̀nà ilé. Lójú ọ̀nà, ìyá mi ń dá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní òyìnbó ní okùn, Èkó ní ọkọ̀, Ìbàdàn ní alárù, àwa ní ẹnu ọlọ́jà. Mo bi wọ́n pé àwọn tí wọ́n wà lẹ́yìn wa nínú igbó lọ́hùn-ún ńkọ́. Wọ́n ní àwọn ìyẹn á máa fi àlá gbọ́.

Nígbà mìíràn tí a tún ru iṣu lọ, àpótí òyìnbó ti dé láti Ìjẹ̀bú, ó ń yọ ìwé inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọdé tí ó rí àkàrà. Ó dé orí ọ̀kan tí wọ́n fi tádàwá dúdú yí etí rẹ̀ ká. Kò tíì ṣí i, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ṣí i, ó kà á, ó jókòó sórí àpótí. Ìyá mi bi í léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi ti kú."

Bí ó ti sọ ọ́ nìyẹn, gbayawu, ní ọ̀sán gangan. Ìyá mi fi ọwọ́ bo etí. Mo rò pé ikú náà ni ó dùn wọ́n, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ta ni ó kọ irú nǹkan báyìí sí ọmọ tí ó dá wà láàrin àjèjì?" Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ni. Ẹ̀gbọ́n náà wà ní ìlú mìíràn, okùn irin pè é ní ọjọ́ tí àìsàn náà le, ó sì bá ìyá wọn láàyè, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Òyìnbó wo iṣu tí a gbé sílẹ̀. Ó bèèrè ìgbà tí a gbìn ín. Ìyá mi sọ fún un. Ó ní nígbà tí a ń gbìn ín ni ìyá òun kú. Láti ìgbà náà ni òun ti ń gbàdúrà fún ìlera rẹ̀ ní alaalẹ́, tí òun ń kọ ìwé sí i pé kí ó ṣọ́ra fún òtútù.

Ìyá mi sunkún fún obìnrin náà láti ilé òyìnbó títí dé Ẹgbẹ́dá, ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. "Ó ń kí òkú," ni wọ́n ń wí. "Ọmọ náà ń kí òkú, kò mọ̀." Ṣùgbọ́n nígbà tí a sọdá odò, tí wọ́n bọ́jú, wọ́n ní ó tẹ́ àwọn lọ́rùn bí tiwa ṣe rí. Wọ́n ní tiwọn yá, ṣùgbọ́n ìkà ni. Bí wọ́n bá fi okùn sọ ọ́, ìkà. Bí wọ́n bá fi ìwé olójú dúdú sọ ọ́, ìkà. Tiwa lè pẹ́, ṣùgbọ́n ó ń fọwọ́ gbé ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo máa ń rántí.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ikọ́ kan mú ìyá mi, kò lọ. Ẹsẹ̀ wọn wú. Bàbá mi wá egbòogi títí, a sè é, a gún un, kò gbọ́. Ìyá mi kò purọ́ fún ara wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí alájàpá kan tí a mọ̀ dúró mumi ní ọ̀dọ̀ wa, tí ó ń lọ sí Ìwó tí yóò sì gba ibẹ̀ dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá mi ní kí ó jókòó. Wọ́n ní, "Bá mi sọ fún ọmọ mi pé ara mi ò yá, kó máa bọ̀."

Obìnrin náà wò wọ́n, ó wo bàbá mi, ó ní, "Ìyá, ẹ mọ ohun tí wọ́n máa gbọ́."

Ó jọ pé ọjọ́ náà ni a kọ́kọ́ mọ̀ pé a ti ná ọ̀rọ̀ yẹn sórí irọ́ títí kò fi kù fún ẹni tí ó nílò rẹ̀ láti sọ òótọ́. Ìyá mi ní, "Sọ fún un pé mi ò tíì kú."

"Háà! Ìyá, bí mo bá fẹnu kan 'kú', kí n tó sọ ẹrù kalẹ̀, wọn á ti bú sẹ́kún. Ta ló máa ń rìn tọ ènìyàn lọ láti sọ pé ẹnì kan ò kú?"

Ìyá mi rò ó. Ìlẹ̀kẹ̀ kan wà lọ́rùn wọn, pupa, tí n kò rí i kí ó kúrò níbẹ̀ rí, ì báà ṣe nínú odò, ì báà ṣe lórí ẹní. Wọ́n ní kí n bá wọn tú u. Okùn rẹ̀ ti le, eyín ni mo fi tú u. Wọ́n fi lé obìnrin náà lọ́wọ́. Wọ́n ní bí ọmọ àwọn bá rí i, yóò mọ̀ pé àwọn fúnra àwọn ni àwọn rán an, pé ẹni tí ó wà láàyè ni ó lè bọ́ nǹkan lọ́rùn ara rẹ̀. Wọ́n tún ní, "Sọ fún un pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọjọ́ tó ń lọ, mi ò wo ojú rẹ̀. Mo fẹ́ wò ó."

Obìnrin náà fi ìlẹ̀kẹ̀ sínú ìborùn rẹ̀, ó ní, "Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ti ọmọ là á jẹ́. Màá jẹ́ ẹ." Ó sì jẹ́ ẹ. Kí ẹnikẹ́ni má bú u.

Láti ọjọ́ náà, ìyá mi ní kí a tẹ́ ẹní àwọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí a kọ orí àwọn sí ọ̀nà Ìwó. Wọ́n ní kí n di irun àwọn, kí ẹ̀gbọ́n mi má bàa bá àwọn bí wèrè. Bí irun náà bá ti gbó, wọ́n á ní kí n tú u, kí n tún un dì. Bàbá mi pa eku kan, ìyá mi ní kí wọ́n má sè é, kí wọ́n yan án, kí wọ́n fi kọ́ òkè ààrò, nítorí pé orí eku ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń jà fún nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Bí àwọn èrò bá ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìwó, a máa ń gbọ́ ìró wọn kí a tó rí wọn. Ìyá mi á ní kí n gbé àwọn jókòó. Màá gbé wọn jókòó. Èrò á kọjá, àwọn tí a mọ̀ á kí wa, wọ́n á lọ. Màá tún tẹ́ wọn sílẹ̀.

Wọn kò bínú sí i rí. Èmi ni mo ń bínú sí i. Mo ń sọ ọ́ nínú ọkàn mi pé ọmọ wo ni a ó fi irú iṣẹ́ yìí rán sí tí kò ní sáré wá. Ìyá mi á rí ojú mi, wọ́n á ní, "Ogun ló ti ọ̀nà. Ó wà lọ́nà." Títí dé ọjọ́ tí wọn kò lè jókòó mọ́, wọ́n ń wí pé ó wà lọ́nà.

Wọ́n kú ní òwúrọ̀, nígbà tí mo lọ pọn omi. Mo padà dé, mo bá bàbá mi tí wọ́n jókòó tì wọ́n, tí wọ́n ń fi ọwọ́ lé eṣinṣin. A sin wọ́n sínú yàrá wọn bí a ti ń ṣe. Àwọn obìnrin abúlé bu ilẹ̀ pupa, wọ́n lù ú, wọ́n fi omi pa á dán.

Bàbá mi kò tíì rán ẹnikẹ́ni lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti túfọ̀. Wọ́n ń wá èrò tí yóò lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a gbọ́ igbe ní ìṣẹ́kọ́nà. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ti tú irun, ó ń ké ìyá rẹ̀, ó ń pe oríkì wọn, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn àna wa, wọ́n fa ewúrẹ́, wọ́n ru ẹrù. Bàbá mi ń wo èyí, wọ́n ń wo tọ̀hún, wọ́n ní, "Ta ló túfọ̀ fún un? Àbí okùn òyìnbó ti dé Ògbómọ̀ṣọ́ ni?"

Mo ti rí ìlẹ̀kẹ̀ pupa náà lọ́rùn ẹ̀gbọ́n mi. Mo sì ti rí aṣọ tí wọ́n ká sórí ẹrù, kíjìpá tuntun, ó fẹ̀, iṣẹ́ ọnà kún un. Èmi tí n kò mọ aṣọ hun mọ iye ọjọ́ tí ènìyàn ń jókòó ti irú èyí. Ọ̀rọ̀ náà yé mi lójú ẹsẹ̀, ó sì ṣe mí bíi kí n sá wọ igbó, kí ẹlòmíràn bá a sọ ọ́.

Ó wọlé, ó ní kí n fi ibi tí wọ́n sin wọ́n sí han òun. Mo mú un wọ yàrá. Ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún, ẹkún òkú tí ó ti pẹ́, ẹkún tí ènìyàn ti sun lójú oorun àti lójú ọ̀nà tí ó ti mọ́ ọn lára. Ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lélẹ̀ láti fi gbára dìde.

Ẹkún náà dá.

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó wò ó. Amọ̀ pupa wà lára rẹ̀. Ó tún fi ọwọ́ kejì kan ilẹ̀. Ó ní, "Ilẹ̀ yìí ò tíì gbẹ."

Ó tún ní, "Ẹ tún un lù ni?"

Mo lè ti ní bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo ẹni tí ó tọ́ mi dàgbà ni yóò ní kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, "Rárá. Ìjẹta ni."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Wọ́n ń retí mi?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ẹní ọ̀dẹ̀dẹ̀, irun dídì, eku òkè ààrò. Inú ń bí mi, n kò sì mọ ẹni tí mo ń bínú sí. Nígbà tí mo dákẹ́, òun náà sọ tirẹ̀. Ó ní nígbà tí alájàpá náà yọ ìlẹ̀kẹ̀ jáde, ìyá ọkọ òun ti ká ọwọ́ lérí. Ta ni kò mọ̀ pé ìyá òun kì í bọ́ ọ? Ohun ẹni tí ó ti lọ ni a ń pín fún ọmọ. Obìnrin náà búra pé ìyá wà láàyè, ó fi ọmọ rẹ̀ búra, wọ́n ní, "A gbọ́, ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ," wọ́n fún un lómi. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gbéra ní ọjọ́ kejì. Àwọn àna wa ní òkú ti wọlẹ̀, kí ni ìkánjú? Ṣé ọwọ́ òfìfo ni yóò fi lọ sin ìyá rẹ̀, kí wọ́n lè sọ pé Ògbómọ̀ṣọ́ kò mọyì àna? Ó gbà pẹ̀lú wọn. Ó kó òwú tí ìyá wa ti ń fi ránṣẹ́ sí i láti ọjọ́ pípẹ́ jáde, ó jókòó, ó hun ún.

"Mò ń ṣọnà sí i," ó ní. "Mò ń tú u bí kò bá gún, mò ń tún un hun. Wọ́n ń wo ọ̀nà, èmi ń ṣọnà sáṣọ."

Ó sùn sórí aṣọ náà, lórí ilẹ̀ náà, ní gbogbo ọjọ́ tí ó fi wà lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí a ká a, àmì amọ̀ ti yọ sí i láàrin, pupa, ó tóbi tó ènìyàn. Kò fọ̀ ọ́. Ó gbé e lọ bẹ́ẹ̀.

Kí ó tó lọ, òyìnbó gun ẹṣin wá kí wa kú ọ̀fọ̀. Ó fetí sí ọ̀rọ̀ náà látòkè délẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní bí okùn irin bá wà nílẹ̀ wa ni, kì bá rí bẹ́ẹ̀, pé ọjọ́ kan yóò dé tí yóò wà. Inú rere ni ó fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

"Kí ni okùn yín ì bá sọ? 'Ara ìyá ò yá, máa bọ̀.' Ǹ bá gbọ́ ọ kí oúnjẹ tó tutù, ǹ bá sì jókòó, ǹ bá hunṣọ."

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn wò títí. Òyìnbó pàdánù ìyá rẹ̀ nítorí pé òkun fẹ̀ tí ọ̀nà sì jìn. Òkun kọ́ ni ó gba ìyá tiwa lọ́wọ́ wa. Iṣẹ́ wa dé. Ogun wà lọ́nà, ó ṣì dé, pé pérépéré, kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ó já sọnù nínú rẹ̀. Nígbà tí mo wá lọ kọ́ ìwé lọ́dọ̀ òyìnbó yẹn lẹ́yìn náà, ìwé olójú dúdú yẹn, èyí tí wọ́n fi ń túfọ̀, ni mo ń rò. Ìyá mi pè é ní ìkà. Ìkà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí wọ́n ti ń lo irú rẹ̀, bí ìwé olójú funfun bá dé pé ara ìyá kò yá, ọmọ á gbà á gbọ́, á sì sáré.

Láti ìgbà náà, ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀fọ́rí bo òkú mọ́lẹ̀ nínú ilé rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, iṣẹ́ tí ó rán sí wa ni pé, "Ọkọ mi ti kú." Àwọn ènìyàn ní ọkàn rẹ̀ le. Wọ́n ní àjẹ́ ni. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tí ó ń ṣe. Ó ń fi ọ̀rọ̀ kan pa mọ́ fún ìgbà tí yóò nílò rẹ̀.

Ìgbà náà dé. A ti ń gbọ́ pé okùn irin ti gba inú òkun dé Èkó, ṣùgbọ́n ẹnu ọlọ́jà ni ó ṣì ń dé ọ̀dọ̀ tiwa. Mò ń yan àgbàdo lọ́wọ́ ní ilé ọkọ mi nígbà tí obìnrin kan dúró, ó mu omi, ó yọ ìlẹ̀kẹ̀ pupa jáde, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n yín ní ara àwọn ò yá, kẹ́ ẹ máa bọ̀." Àwọn obìnrin agbolé ká ọwọ́ lérí. Ọkọ mi ní kí n dúró, kí wọ́n wá ewúrẹ́, kí wọ́n pe àwọn ẹbí. Mo gbé àwo àgbàdo lé ẹni tí ó wà nítòsí lọ́wọ́, mo so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọrùn, mo bá ọ̀nà Ìwó lọ.

Mo bá a lórí ẹní, wọ́n ti kọ orí rẹ̀ sí ọ̀nà. Wọ́n di irun rẹ̀. Ó wo ojú mi dáadáa, ó wo ẹsẹ̀ mi tí ó kún fún eruku, ó wo orí mi bóyá ẹrù wà níbẹ̀.

Ó ní, "O ò hunṣọ."

Mo ní, "Mi ò hun nǹkan kan. Ọwọ́ òfìfo ni mo bá wá."

Ó ní kí n gbé ọwọ́ náà wá. Mo nà án sí i, ó sì dì í mú.